Ohun Tó Ń Fa Oníbàárà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jowú obìnrin kan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi fara kanra ní Ibo Road, aṣọ ni àwa méjèèjì ń tà, ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà kan náà la sì ń lọ. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Èmi ni mo ka fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì, tí mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí bàbá mi tó kú, tí mo wá jogún ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè mí.

Àwọn oníbàárà bàbá mi ń gba iwájú mi kọjá lọ bá obìnrin náà. Hàjíyà kan máa ń ti Zoo Road wá, ó ti ń ra léèsì lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó gbọ́njú. Lọ́jọ́ tí mo rí i tó wọ ṣọ́ọ̀bù kejì, mo dúró títí ó fi ra tirẹ̀ tán. Mo fi àwàdà bi obìnrin náà pé kí ló ń lò.

"Bọ̀dá Tíṣà, omi àdúrà ni o. Every morning, mo máa ń wọ́n ọn kí n tó ṣí."

Omi. Ó bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn onírònú ilẹ̀ òyìnbó àtijọ́ tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní, bí nǹkan kan bá ń tẹ̀ lé òmíràn lójoojúmọ́, ìyẹn ò ní kó jẹ́ pé èyí ló fa ìyẹn. Àkùkọ ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹ pa àkùkọ jẹ, ilẹ̀ á ṣì mọ́. Wọ́n ní kéèyàn yọ ohun tó fura sí kúrò, kó wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ní gbogbo Wẹ́sídé, tó bá ń lọ sí ìsìn ọ̀sán, èmi ló máa ń ní kí n bá òun wo ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ yẹn, mo da omi àdúrà inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí gọ́tà, mo sì fi omi tí mo rà lọ́wọ́ mai ruwa, tó ń ti omi kiri, rọ́pò rẹ̀. Àwọn onírònú yẹn ní òfin mìíràn: ohun tó ò bá ní fẹ́ kí gbogbo ayé máa ṣe, má ṣe é. Mo rántí rẹ̀ dáadáa bí mo ṣe ń dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Mo dé e pa.

Aago mẹ́wàá ni mo máa ń ṣí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo ti dé kí aago méje tó lù. Mo dúró sí òdìkejì títì. Obìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà lé e, ó wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo rò pé ó parí. Ó wá rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi, ó wọ́n ọn síbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì ṣahun.

Mo sọdá, mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Láti ìgbà tí Bàbá yín ti kú. Kí ẹ tó dé, oòrùn á ti gbẹ ẹ́." Ó dé kẹ́ẹ̀gì. "Omi tòní níyọ̀, Bọ̀dá. Omi kànga ṣọ́ọ̀ṣì kì í níyọ̀."

Ó gbé e wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ aṣọ.

Nígbà tó yá, Hàjíyà dé. Obìnrin náà ti dìde kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. "Hajiya, sannu da zuwa. Yaya gwiwar?" Ó fi Haúsá kí i káàbọ̀, ó bi í léèrè orúnkún tó ń dùn ún, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá mi ti máa ń ṣe nìyẹn. Èmi, ìwé ni mo máa ń kà lẹ́yìn káńtà títí oníbàárà á fi wúkọ́.

Ọdún mẹ́ta ni ìdánwò tí mo ń wá ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Omi kan náà, àdúrà kan náà, ilẹ̀kùn méjì. Ẹni tó jókòó sínú nìkan ló yàtọ̀.

Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ní Wẹ́sídé tó tẹ̀ lé e, ó yọjú sí mi bí ìṣe rẹ̀: "Bọ̀dá Tíṣà, ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù." Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà tuntun wà níbi tó máa ń wà. Mo jókòó tì í títí obìnrin náà fi dé, mo sì ń jowú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.