Kẹ̀kẹ́ Tí Mọ́tò Gbá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Adéṣọlá, ẹ wa mọ́tò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí ẹ fun fèrè mọ́ ọn létí. Níbòmíràn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tíṣà ìṣirò ni ní Agbowó, láti Ṣàngó ló sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwọn awakọ̀ ọ̀nà Sámọ́ńdà kò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n á há a mọ́ etí gọ́tà, wọ́n á yọrí síta: “Bàbá, ẹ gbé irin jákujàku yìí kúrò lọ́nà!” Ẹ gbọ́ ná, ta ló ta títì fún wọn? Adéṣọlá náà kì í gbà. Á ní ọ̀nà ìjọba ni, kì í ṣe ti bàbá ẹnì kankan.

Fọláwùmí, ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Ṣàngó, bẹ̀ ẹ́ títí.

“Bàbá Ẹwà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ takisí. Ojú àwọn èèyàn yìí ti pọ́n jù.”

“Ìyá Ẹwà, fara balẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mò ń gbà.”

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, Muslimah, oníbàárà Fọláwùmí, wọ ṣọ́ọ̀bù wá gba aṣọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Màámi, ọkọ̀ kan gbá kẹ̀kẹ́ dànù ní Sámọ́ńdà! Wọ́n ní ó fun fèrè fun fèrè, ẹni yẹn ò yà, ló bá fi ìbínú kọ lù ú. Ó ti sá lọ o!”

Ẹ má bínú sí Fọláwùmí. Ní Ìbàdàn òde òní, bí wọ́n bá ti ní kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kérò ni. Ta ló tún ń rántí ológeere, àfi ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń gùn ún? Òun gan-an kò rántí.

Ó pòṣé. “Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà láyà jù. Kí ló dé tí ò lè yà? Olórí kunkun! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà.”

Muslimah ṣe àmín. Fọláwùmí tú apá búbà rẹ̀ tó fún un, ó tún un rán, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín pé ó ti sanra.

Lẹ́yìn tí Muslimah lọ ni Ìṣọ́raolúwa, tíṣà ẹlẹgbẹ́ Adéṣọlá, sáré wọlé.

“Màámi, ẹ dìde. Ọ̀gá wa wà ní ọsibítù. Ológeere wọn ni mọ́tò gbá ní Sámọ́ńdà.”

Fọláwùmí bá a sáré jáde. Kò rántí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Kí wọ́n tó dé ọ̀hún, wọ́n ti fa aṣọ bo Adéṣọlá lójú. Nọ́ọ̀sì kan di Fọláwùmí mú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Ọkọ yín bèèrè yín títí. Wọ́n ní ẹ ò jìnnà, pé ẹ ó ti gbọ́, ẹ ti ń bọ̀. Àbí ẹ ò gbọ́ ni?”

Fọláwùmí ṣí aṣọ náà, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀.

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ó ní. “Mo gbọ́, mo tún bú u.”