Ọ̀gá Akọrin Tó Fẹ́ràn Ariwo

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ gbọ́. Ọ̀gá akọrin ìjọ wa ní Ìbẹ̀rẹ́kò, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rí, ikú rẹ̀ kò sì yí ìyẹn padà.

Ilé àdúrà wa kò ju pálọ̀ lọ. Àbúrò ìyàwó mi, ọmọ Ègùn, ló ń ta gìtá jẹ́jẹ́, ampilifáyà kékeré sì tó o. Ọ̀gá yìí lọ gbé gàgàrà ampilifáyà kan dé láti Kútọnu. Ó máa ń lá àtàǹpàkò, á fi yí ohùn rẹ̀ sókè, títí gìtá á fi máa hu bí ajá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, yàrá yìí kéré. Wọn ò gbọ́ ohun tí mò ń ta mọ́."

"Ta ló bi ọ́? Ẹni tí ò bá gbọ́, kó lọ fọ etí!"

Nígbà tó yá, àwọn ìyá ìjọ sá lọ sábẹ́ igi àgbọn níta. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín: "Èrò ti kún ìta! Wọ́n fẹ́ gbọ́ wa." Ló bá tún yí i sókè.

Àbúrò ìyàwó mi yọ wáyà, ó gbé gìtá rẹ̀ tọ àwọn ìyá lọ. Kò wọlé mọ́, ìdí àgbọn náà ló ti ń ta á fún wọn.

Nígbà tí ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ jogún ampilifáyà, wọ́n ń sá ẹja lé e lórí. Èmi jogún etí tó ń hó. Àbúrò ìyàwó mi ló jogún ìjọ.