Lorna Pelkey Fẹ́ Ṣíwájú Lẹ́ẹ̀kan Péré

Ẹ má bi mí bóyá ìrìn àfẹ́ ń tuni lára. Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn tọkọtaya àgbàlagbà kiri àwọn òkè Vermont níbí ní Amẹ́ríkà nígbà tí ewé bá ń pọ́n, tá a bá sì dé ibi tá à ń lọ, màá bá wọn rìn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á ti wú, etí mi á ti kún fún "Glenda, wo igi yẹn, ó mà rẹwà o!" Ewé ni. Ọdọọdún ló ń pọ́n. Ó ti sú mi.

Ṣùgbọ́n bó ṣe sú mi tó, kò tó bó ṣe sú Lorna Pelkey, ọ̀rẹ́ mi. Ó lé ní ogún ọdún tó fi dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé abúlé wa, tó ń gbé ìkòkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló tọ́, kò sì sí èyí tó rọrùn nínú wọn. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó ní, "Glenda, mo fẹ́ jókòó. Mo fẹ́ jókòó títí àga á fi bẹ̀ mí pé kí n dìde." Àṣé kò mọ̀ pé Merton ọkọ rẹ̀ náà máa fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn.

Merton ni ọ̀gá àwọn tó ń tún títì ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi dúró níwájú ènìyàn, tó ń nàka síbi tí wọ́n máa gbà. Kò lè jókòó. Kò pé oṣù kan tó ti kó tọkọtaya márùn-ún jọ, òun àti Lorna náà wà nínú wọn, ló bá ń mú wa kiri. Lónìí, afárá onígi tó ní òrùlé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibi tí wọ́n ti ń fún omi ápù. Lọ́sẹ̀ kejì, òkè. Merton níwájú pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀, Lorna lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yìn Merton ni mo mọ̀ jù láyé," Lorna máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Bí wọ́n bá jí i gbé, mi ò ní lè júwe ojú ẹ̀ fún ọlọ́pàá."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Merton náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí òjò dídì yọ́ tán lọ́dún yìí, a gbàgbé Hollis, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ yẹn, sórí òkúta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí rẹ̀ ni. Ó jókòó kó mí díẹ̀, àwa sì ń tẹ̀lé Merton lọ ní tiwa. Ìgbà tá a fi padà débẹ̀, ètè Hollis ti ń gbọ̀n, Bernice ìyàwó rẹ̀ sì ń sunkún, ó ń bú wa. Ọjọ́ yẹn la ṣòfin: ẹni tó bá lọ́ra jù ni kó máa ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Merton gbà, àmọ́ ó fajú ro. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Hollis ló ń ṣíwájú, títí ìbàdí rẹ̀ fi san.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, nínú oṣù kẹwàá, à ń lọ sí orí òkè kan téèyàn ti máa ń rí adágún omi ńlá nísàlẹ̀. Lorna jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Èmi ni mo lọ́ra jù lónìí," ó rọra sọ ọ́.

"Mo mọ̀."

"Dókítà ní tí òjò dídì yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí òkè mọ́ fún mi. Orúnkún yìí ti parí."

"Ṣé Merton mọ̀?"

"Mo sọ fún un." Ó tún fọwọ́ ra orúnkún. "Glenda, èmi ni mo máa ṣíwájú lónìí. Mo fẹ́ dé orí òkè yẹn, kí n rí omi yẹn láìsí fìlà ẹnikẹ́ni lójú mi. Lẹ́ẹ̀kan péré. Tí mo bá ti rí i, ó tán."

Inú mi dùn fún un. Mo ní, "Ìwọ ló kàn, Lorna. Òfin wà lẹ́yìn rẹ."

A dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, Merton pàtẹ́wọ́. "Ó yá, ta ló lọ́ra jù lónìí?"

Lorna la ẹnu. Ẹ gbọ́, níbí, a kì í sọ fún ènìyàn pé ó ń tiro. Ẹ̀gàn ni. Gbogbo wọn ló ti rí orúnkún Lorna, àfi ẹni tó yẹ kó rí i. Wọ́n rò pé tó bá bọ́ síwájú, ojú á tì í pa. Kí Lorna tó sọ̀rọ̀, Bernice ti kígbe:

"Hollis ni! Ìbàdí ò jẹ́ kó sùn lánàá!"

Hollis, tó jó títí ilẹ̀ fi ṣú níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, sáré di ìbàdí mú. "Yéè!"

"Rárá o, èmi ni," ni Maxine, ìyàwó kan nínú wọn, wí. "Èémí mi ò délẹ̀."

"Bàtà tuntun ni mo wọ̀ ní tèmi," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo—" Lorna bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ kẹ̀, Lorna? Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ le bí irin!" Bernice já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ni Lorna bá di apá mi mú. "Fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Bá a ṣe gbéra nìyẹn o. Hollis níwájú, ó ń tiro irọ́: bó bá tiro ọ̀tún títí, á gbàgbé, á tún máa tiro òsì. Merton lẹ́yìn rẹ̀. Lorna àtèmi la wà lẹ́yìn pátápátá. Bí Lorna bá ti dúró kó mí, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà. Ẹlòmíràn á rí olú, á ní kí gbogbo wa wá wò ó. Maxine wú ikọ́ títí mo fi fẹ́ lọ gbá a lẹ́yìn. Ìgbín ì bá ti kọjá wa. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe! Ká ní wọ́n jẹ́ kí obìnrin yẹn rìn bó ṣe lè rìn, à bá ti débẹ̀ kí oòrùn tó yẹ̀.

Oòrùn wọ ẹ̀yìn òkè. Merton wo ojú ọ̀run. "Ilẹ̀ máa ṣú bá wa. Ẹ jẹ́ ká padà."

"Báwo ni ibi tó kù ṣe jìnnà tó?" Lorna béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Adágún ò ní sá lọ!"

Omi lé ròrò sí Lorna lójú.

Orí pákó tóóró tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀ la wà nígbà yẹn, kò sáyè. Kálukú yí padà síbi tó dúró sí, ẹni tó gbẹ̀yìn ló wá di aṣíwájú. Bí Lorna ṣe bọ́ síwájú nìyẹn, tó ń ṣíwájú wa padà sídìí bọ́ọ̀sì.

Merton ò lè gbà á. Ó di èjìká ẹni kan mú, ó kọjá. Ó di tẹnì kejì mú, ó kọjá. Àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ń tẹ ẹrẹ̀ bọ bàtà kó lè rí ọ̀nà gbà. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Glenda, yà fún mi, kí n lọ síwájú."

"Mi ò yà."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó lọ́ra jù ló wà níwájú."

"Lorna kẹ̀? Lorna ò lọ́ra."

"Ojú ò fọ́ ọ. Wò ó."

Ó na ọrùn, ó wò ó. Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń fi ìyà jẹ orúnkún jù. Lorna gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, ó di ẹ̀ka igi mú, ó wọ́ tòsì tẹ̀lé e. Èjìká rẹ̀ kan ti wálẹ̀ ju ìkejì lọ. Ó ti gbẹ gan-an. Merton wò ó títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ìgbà wo ló ti ń rìn báyìí?"

"Ọdún kẹta rè é."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó sọ fún ọ, Merton. Ẹ̀yìn rẹ ló ń sọ ọ́ fún."

Níwájú wa, Lorna dúró kó mí díẹ̀. Gbogbo wa dúró. Merton náà dúró.