Ta Ló Ta Òróró Sínú Ìbọn Mi?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìbọn bàbá mi ṣì ga jù mí lọ, èèwọ̀ kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dán wò. Bí bàbá mi bá ti tún ìbọn wọn ṣe tán, tí wọ́n gbé e kọ́ sókè àjà, ó parí nìyẹn. Ọwọ́ kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ títí wọ́n á fi gbé e lọ sínú igbó. Àlejò ò gbọ́dọ̀ gbé e wò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi àkísà nù ún pé eruku wà lára rẹ̀. Ìyá mi pàápàá, tó jẹ́ ẹni àdúrà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé oògùn ni mò ń sọ o. Ọgbọ́n ni. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín torí pé inú ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Ṣakabùlà ni ìbọn bàbá mi. Kò sí ẹni tó bá wọn kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n á fi igbá tó ti fọ́ kọ́ sára igi létí oko, wọ́n á rọ ẹ̀tù díẹ̀ sínú ìbọn, wọ́n á yìn ín, wọ́n á lọ wo igbá. Wọ́n á padà wá, wọ́n á fi ẹ̀tù díẹ̀ kún un, wọ́n á tún yìn ín. Èmi ni mò ń sáré lọ gbé igbá míì kọ́.

"Ìbọn ń jẹun," bàbá mi máa ń wí. "Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló lóúnjẹ tó bá a lára mu. Bó o bá fún un jẹ kéré, á sùn. Bó o bá fún un jẹ jù, á bì sí ọ lójú."

Bí a bá sì dé igbó, kí wọ́n tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìbọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀nà mọ́ títí dé ìdí. Wọ́n ní kí n má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, títí kan èmi fúnra mi ti àná.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ báyẹn ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kẹfà ọ̀hún gan-an ò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá wo ilé tí mo ní ní Missouri City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ àjàgbé ni mò ń wà, kò sí fúríwéè, títì ńlá tí ọkọ̀ ti ń sáré, tí mi ò mọ̀ ní gbogbo Houston. Nínú gáréèjì mi, ìbọn kan wà níbẹ̀ tí ọta rẹ̀ gùn ju ìka mi tó gùn jù lọ. Mi ò fi pa ẹran o. Pátákó irin ni mò ń yìn ín sí, irin tó wà ní ẹgbẹ̀rún yáàdì sí ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ojú lásán ò lè rí irin náà. Ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo àwa tá a wá láti ilé, ta ló tún ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tún ìbọn yẹn ṣe, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ọ̀pá ìbọn ò gbọ́dọ̀ fara kan igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí bó bá fara kàn án, ọta á yà. Owó bébà náírà kan tó ti gbó tí mo mú bọ̀ láti ilé ni mò ń fà kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ibi tí náírà bá ti há, mo mọ̀ pé mo níṣẹ́ níbẹ̀. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ọgbà, òun ni mo wò tí mo fi to awò, gíláàsì tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú, sórí ìbọn kó dúró ṣánṣán. Mo ra sípánà kan tó máa ń dún kẹ́ bí síkúrù bá ti le tó. Lẹ́yìn náà ló wá kan oúnjẹ. Oríṣiríṣi ọta ni mo fi bọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ń lọ káàkiri bí ewúrẹ́ tí kò ní olówó, àfi ìgbà tí mo rí ọ̀kan tó jẹ́ pé ihò mẹ́ta tó lu sára bébà fara kan ara wọn bí ọmọ ìyá tó sùn lórí ẹní kan. Mo pariwo! Lára awò náà, orí méjì kan wà tó ń yí: ọ̀kan ń gbé ojú ìbọn sókè sódò, ọ̀kan ń gbé e sọ́tùn-ún sósì. Mo yí wọn títí wọ́n fi jókòó síbi tó yẹ wọ́n. Odidi oṣù ni mo fi ṣe gbogbo èyí. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ.

Níbi tá a ti ń yìnbọn, bàbá òyìnbó onírùngbọ̀n funfun kan wà tó ń ṣe bí ọ̀gá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ìbọn mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé erin lo fẹ́ pa ni?"

Mo ní, "Ní ọjọ́ ìdíje, ìwọ lo máa gbé omi wá fún mi mu."

Ẹni tó bá lu irin náà lọ́jọ́ ìdíje ni wọ́n máa fi sínú àwọn tí yóò lọ ṣojú ibẹ̀ níwájú àwọn ìlú míì. Ọmọ Yorùbá kankan ò wọbẹ̀ rí. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní àdúgbò Fondren. Orúkọ mi ló wà lórí irin yẹn.

Ìyá ìyàwó mi ti dé láti ilé, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tuntun tí ọmọbìnrin wa bí. Aládùúrà gidi ni wọ́n. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, mo gbé ìbọn sórí tábìlì ní gáréèjì. Mo ti yọ irin tó ń tì í nídìí, mo ti irin náà mọ́ inú àpótí kí ewu kankan má bàa sí nílé ọmọ, mo bá wa ọkọ̀ mi lọ ibi iṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà wá gbé ìbọn, mo dé pápá. Kí n tó ki ọta bọ̀ ọ́, mo yẹ ọ̀nà ọta wò bí bàbá mi ti kọ́ mi: àwọn a máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, èmi gbé ojú sídìí ìbọn kí n rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ohun tí mo rí ń dán, ó ń ṣàn. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Òróró àdúrà! Èyí tí wọ́n po lọ́fínńdà mọ́!

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. "Ta ló fọwọ́ kan ìbọn mi?"

"Dádì, ẹ má bínú. Mọ́mì ló gbàdúrà sí i. Wọ́n kàn ta òróró díẹ̀ sí i ni."

"Síbo?"

"Sínú ihò ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n fi díẹ̀ pa gíláàsì orí rẹ̀. Wọ́n wá yí àwọn nǹkan tó ń yí yẹn, kí òróró lè wọlé dáadáa."

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?"

"Èmi ni mo bá wọn di ìgò mú."

Ẹ̀yin èèyàn! Ká ní mo yin ìbọn yẹn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òróró lọ́nà ọta, ó lè bẹ́ mọ́ mi lójú. Mo ń fi ọ̀pá àti àkísà nù ún, òógùn ń bò mí, òyìnbó onírùngbọ̀n dé, ó fi imú fa òórùn náà. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ dín ẹyin ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọta mi àkọ́kọ́ lọ sósì, eruku ló sọ. Ta ló mọ bí ìyá ṣe yí i tó? Mo ń yí i padà, mo ń méfò, mo ń yìn. Èyí tó kẹ́yìn sọ eruku sí ẹsẹ̀ irin gan-an. Ká ní wọ́n fún mi lọ́ta kan sí i, mo fi orí mi búra, irin yẹn ì bá ké. Àmọ́ ọta ti tán. Orúkọ mi ò wọlé.

Mo dé ilé, ìyá ìyàwó mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ayọ̀ kún ojú wọn. "Ọkọ ọmọ mi, ṣé a ti ṣẹ́gun?"

A! Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, bí mo bá sọ ọ́, ilé á dàrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọmọ fún ni ló parí oore. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣé. Nígbà míì, orí mi ni kẹ́ ẹ ta òróró sí. Èmi ni mò ń yìnbọn. Ìbọn ò lórí."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Orí tìrẹ yẹn? Ó ti le jù, òróró ò lè wọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi lọ bá ìbọn nìyẹn."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Ẹ wo bí ayé ṣe yí padà. Àdúrà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá mi bá fẹ́ lọ sígbó, ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé kí n wọlé?" Bàbá mi á yọ orí síta, ìyá mi á gbé ọwọ́ lé e, àdúrà á gbà. Láyé ìgbà yẹn, àdúrà máa ń kan ilẹ̀kùn. Lónìí, ẹni tó bá ti fẹ́ràn yín rò pé kò sóhun tí òun ò lè fọwọ́ kàn: fóònù yín, ìkòkò yín, ìbọn tẹ́ ẹ ti ń tún ṣe láti oṣù tó kọjá. Bẹ́ ẹ bá bínú, wọ́n á ní ẹ ò mọ oore.

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí gáréèjì. Ìdíje míì ń bọ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kó máa rẹ́rìn-ín nìṣó. Ní àná, mo wà nínú ibẹ̀, mo ń fi náírà mi wo abẹ́ ọ̀pá ìbọn, mo gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lára ilẹ̀kùn.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé kí n wọlé?"

Mo ní, "Rárá, mà." Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀, mo yọ orí mi síta, wọ́n sì ta òróró sí i. Inú ṣì ń bí mi gidi gan-an, ṣùgbọ́n òróró náà tutù.