Ẹnu tí Ìyá Túndé yá mi níbi ìjẹ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nínú ìjọ wa ní Oyigbo, lẹ́bàá Port Harcourt níbí kò ṣeé gbé mì. Ẹ fún mi láyè lónìí, inú ń bí mi.

Pírámárì síìsì ni mo kà mọ. Irun ni mò ń dì jẹun. Nígbà tí mo kó wá sí Port Harcourt láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo mú ọmọ mi obìnrin dání, ọmọ ọdún méjì. Mi ò lọ́kọ. Ojú ń tì mí, ni mo bá ń sọ fún gbogbo ayé pé àbúrò mi ni. Ọmọ náà gan-an, "Àǹtí" ló ń pè mí. Ọdún mẹ́ta gbáko!

Irọ́ yìí wá ń wúwo lọ́kàn mi. Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan, mo pinnu pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Àmọ́ Fádà wa kò gbọ́ Yorùbá. Pidgin tí mo fi ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn ni èmi gbọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Túndé, olórí àwa obìnrin Yorùbá nínú ìjọ, ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun á bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀, òun ti ṣe é fún àwọn mìíràn rí. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ẹnu lásán ni mo fẹ́ yá ẹ."

A jọ kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń túmọ̀. Fádà ní kí n gbàdúrà, kí n sì wá ìgboyà láti jáwọ́ nínú irọ́ náà, ó wá fún mi ní ìdáríjì. Ẹ wò ó, bí ìyẹ́ ni ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń di irun fún ìyàwó ọlọ́pàá kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa ní ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí pé àbúrò mi ń kọ́? Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tó lóyún àbúrò ẹ̀, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kóòmù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkàn mi ò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Túndé rárá, mo gbà pé Fádà ló tú mi fó. Mo lọ bá a pẹ̀lú Pidgin jákujàku mi. Háà, ó yà á lẹ́nu! Ó ní bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ pa òun, òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́, àti pé ẹni tó bá túmọ̀ náà wà lábẹ́ òfin yẹn, òun sì ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Túndé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n mọ̀! Fádà wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò dá wá, ṣebí Pidgin tí mò ń sọ yìí ti tó. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi?

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, ìpàdé àwọn obìnrin ń lọ lọ́wọ́. Èmi tí mi ò dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí, mo dìde. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú.

"Ìyá Túndé, ẹnu tí ẹ yá mi, ẹ gbà á padà. Àbúrò mi kọ́ nìyí. Ọmọ mi ni."

Ìyá Túndé ní ẹnì kan péré làwọn sọ ọ́ fún, pé kó bá mi fi àdúrà sí i. Àdúrà! Ṣé àdúrà ni wọ́n wá ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù mi?

Fádà ní kí n dárí jì wọ́n. Mi ò tíì ṣe é. Èmi fúnra mi ni màá lọ jẹ́wọ́ ìbínú yìí, ní Pidgin.

Ẹ̀yin tí ojú ń tì bíi tèmi, ẹ má torí èdè fa ẹ̀ṣẹ̀ yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bá wa túmọ̀, bí ẹnu yín bá ń jò, ẹ jókòó sílé yín! Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Kí lẹ ṣe? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Ọmọ mi ṣì máa ń pè mí ní Àǹtí. Tó bá ti rántí, á dánu dúró, á wojú mi, á wá ní, "Màámi."