Ọ̀sẹ̀ Tí Sairakan Gba Rédíò Gbọ́

Kò sí ohun tó ń tán ènìyàn lókun bí òpin ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa ní abúlé At-Bashy. Òtútù gan-an kì í ṣe wàhálà, ojú wa ti mọ ọn. Ìgbà tó bá ń lọ tí kò lọ tán ni ìyọnu: òní oòrùn, ọ̀la yìnyín, ọ̀túnla ẹrẹ̀ dé orúnkún. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ ẹkùn Naryn lórí rédíò ń ta ko ara rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú wa. Inú ilé gbígbóná lòun jókòó sí, kí ló kàn án?

Sairakan, opó tí ilé rẹ̀ kángun sí òkè, kò tilẹ̀ bá wa bú u. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń da àgùntàn, òun ló ń ru koríko, òun ló ń fi àáké fọ́ yìnyín ojú odò kí ẹran lè mumi. Orúnkún ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún. Begayim ọmọ rẹ̀ tó wà ní Bishkek, olú-ìlú wa, kì í sì í jẹ́ kó sinmi.

"Màámi, ẹ ta àwọn ẹran yìí, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Yàrá yín wà nílẹ̀. Omi gbígbóná ń bẹ lẹ́nu ẹ̀rọ."

"Kí n wá máa wo kí ni ní Bishkek? Ògiri?"

"Ẹ máa wo àwọn ọmọ-ọmọ yín!"

Nígbà tí àríyànjiyàn náà pọ̀ jù, Sairakan ní ó dáa. Tí àwọn ọmọ àgùntàn ọdún yìí bá kú, òun á wá. Tí wọ́n bá yè, kí Begayim panu mọ́. Gbogbo abúlé ló gbọ́, nítorí fóònù rẹ̀ kì í gbé ohùn àfi tó bá dúró síta tó ń pariwo.

A kì í gbá ilé àgùntàn nígbà òtútù. Imí wọn la ń jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi nípọn bíi tìmùtìmù. Òun ló ń mú wọn móoru. Bí ooru bá dé, a ó fi ṣọ́bìrì gé e bíi búlọ́ọ̀kù, a ó sá a, a ó sì fi dáná nígbà òtútù mìíràn. Ẹni tó bá kánjú gé e, ilẹ̀ dídì ló tẹ́ sílẹ̀ de ọmọ ẹran.

Lọ́jọ́ Ajé, rédíò ní afẹ́fẹ́ tó móoru ni títí dé òpin ọ̀sẹ̀. Shambet aládùúgbò rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì dé.

"Ẹ̀yin ìyá, ọwọ́ mi dilẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ ká gé e."

"Ṣé kò yá jù?"

"Họ́wù! Ṣé ẹ ò gbọ́ rédíò ni?"

Sairakan mọ̀ pé ó yá jù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a gé e bí Shambet bá lọ? Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ló dáhùn fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti hàn lásán, búlọ́ọ̀kù imí sì ti ga bí ògiri níta.

Lọ́jọ́rú, ọkùnrin rédíò ní "àtúnṣe díẹ̀" ti bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé: òtútù líle ń bọ̀ láti àríwá. Àtúnṣe díẹ̀! Kó tó di ọ̀sán, yìnyín ti ń fẹ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí wọ́n gé síta ti le bí òkúta. Àsìkò yẹn gan-an làwọn abo àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.

Shambet sáré dé, ojú tì í. "Ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo fà á."

"Panu mọ́, kó o bá mi fa ẹní yìí lọ sílé àgùntàn."

Ẹní onírun ńlá tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó ń tọ́jú de ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Shambet lanu.

"Èyí tẹ́ ẹ fi pa mọ́ fún ìyàwó?"

"Àgùntàn ń lọ sílé ọkọ lónìí. Tẹ́ ẹ síbẹ̀!"

Lóru, ní àárín iṣẹ́ ìgbẹ̀bí náà, ohun kan sọ sí Sairakan lọ́kàn: bí mo bá wọlé báyìí, tí mo jókòó, tí mo mu tíì mi, ó parí nìyẹn. Mo ti dé Bishkek. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ṣùgbọ́n ọmọ àgùntàn kan yọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì rí i pé òun ti ń nu imú rẹ̀. Bó ṣe ṣe é títí ilẹ̀ fi mọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀, gbogbo ọmọ àgùntàn náà ló wà láàyè, wọ́n ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nínú ilé rẹ̀ tí wọ́n gbé wọn sí. Shambet gbé ọ̀kan, ó ń jó kiri.

"Ẹ borí, ẹ̀yin ìyá! Kò sí Bishkek lọ́dún yìí!"

Sairakan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Shambet rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Kì í ṣe ayọ̀ o. Nígbà tí omijé náà dá, ó jáde síta, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Begayim, gbogbo wọn ló yè."

"Ẹ kú oríire, Màámi. N ò ní sọ ọ́ mọ́."

"Wá mú mi."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní wá mú mi! Ṣé ó dìgbà tí ẹran bá kú kí n tó lè sọ pé ó ti rẹ̀ mí ni?"