Sàlàkọ́ Dúnàá-dúrà àti Aago Mọ́ṣáláṣí

Oòrùn ṣì wà lókè lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò ṣínu. Ìtàn tí ará Ìwó kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Sàlàkọ́ nìyẹn, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe, tí wọ́n ń pè ní Dúnàá-dúrà. Ohùn ládàánì mọ́ṣáláṣí wọn ti há, Sàlàkọ́ sì ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa pe ìrun fúnra rẹ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ̀rọ náà pe Mọ̀gàríbì. Àwọn èèyàn ju dàbínù sẹ́nu, wọ́n gbé omi mì. Lèmọ́mù Shamsudeen bọ́ síta, oòrùn sì ràn án lójú.

"Sàlàkọ́, kí ni mò ń wò yìí?"

"Oòrùn ni, Lèmọ́mù. Òun ló pẹ́."

Ó di dandan kí gbogbo wọn san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà. Sàlàkọ́ ti fọwọ́ sọ̀yà níwájú ìjọ pé ẹ̀rọ òun kò ní purọ́ láé. Lèmọ́mù ní kó gbé e lọ sílé, kó tún un ṣe, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Bó bá tún purọ́, kò ní wọ mọ́ṣáláṣí mọ́.

"Ṣé èmi ni ẹ ń wí ni, àbí ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀rọ. Ìwọ, a ò tíì pinnu."

Ṣọ́ọ̀bù Fáwọlé, ẹni tó ń ta ẹ̀yà rédíò, ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn jẹ́ ṣíìpù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ ní iṣẹ́ tó máa ṣe. Iná díẹ̀ ló ń jẹ, fóòtì mẹ́ta àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kò mọ àkókò. Kírísítálì, ẹ̀yà kékeré onírin kan, ló ń lù fún un, kì-kì-kì, tí ṣíìpù sì ń kà á.

"Bàbá, fóòtì márùn-ún ni kírísítálì yìí ń jẹ," Fáwọlé sọ. "Ẹ ní sùúrù, onífóòtì mẹ́ta ń bọ̀."

"Méjì ni màá fún un."

"Bàbá, owó kọ́ ni mò ń sọ!"

"Ó dáa, mẹ́ta. Mi ò ní fi nǹkan kan kún un mọ́."

Fáwọlé búra pé òun kò gbà. Sàlàkọ́ ní kírísítálì ti gbà, ó sì rà á lọ.

Kò sí ohun tí kì í ná. Nọ́ọ̀sì ní kó lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta, Sàlàkọ́ ní ibà náà kò tó bẹ́ẹ̀. Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ yìgì àwọn, ó bi àlùfáà bóyá wáàsí náà ṣeé dín kù. Wọ́n tún ní ọlọ́kadà kan gbé e dé Ilé-Ogbó, ó ná an títí ọkùnrin náà fi gbé e padà síbi tó ti gbé e. Kò sí ẹlẹ́rìí tó fojú rí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú.

Kírísítálì tí iná kò tó bá kò lè lù dáadáa. Ó dà bí ẹni tó ń gún iyán tí apá rẹ̀ ti rọ: ọmọ odó á balẹ̀, á tún ta, ẹni tó wà ní yàrá á sì ka ẹyọ kan sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ṣíìpù ṣe ń ṣi í kà, tí aago fi ń sáré ju oòrùn lọ. Nígbà tí Sàlàkọ́ rí i, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Gbé onífóòtì mẹ́ta wá. Èló ni?"

Fáwọlé pe iye tó máa ń pè fún un, èyí tó ti fi owó tí yóò ná kúrò kún. Sàlàkọ́ san án, ó yí padà. Fáwọlé sáré tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ṣé ara yín yá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá ná an!"

"Àwọn arúgbó yóò san ààwẹ̀ padà nítorí mi, Fáwọlé. Ṣé ọjà ni kí n tún máa ná?"

Ààwẹ̀ parí, ẹ̀rọ kò purọ́. Lèmọ́mù mú ìlérí ṣẹ, wọ́n gbé e padà sára ògiri mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kejì dé tí ẹ̀rọ pe Mọ̀gàríbì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnu. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Sàlàkọ́ dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife sókè. "Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ọrùn mi ni kó wà." Ó mu. Ìgbà náà ni àwọn tó kù tó mu. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, ọdún dé, ọdún lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Fáwọlé ní àánú àwọn málàíkà tó ń bi òkú ní ìbéèrè mẹ́ta ló ń ṣe òun: Bàbá yóò ná an di méjì.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yìí dé, ẹ̀rọ pe Mọ̀gàríbì, ó ṣe déédéé. Dàbínù wà lọ́wọ́ oníkálùkù. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń bọ̀.

Kùdírátù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gba omi lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í.

"Ẹ mu," ó sọ. "Iṣẹ́ ọkọ mi ni."

Ó mu. Gbogbo wọn sì mu.